Òótọ́ àbí Irọ́? Láptọ́ọ̀pù Tó Dákú Tí Kò Fẹ́ Tàn Mọ́

Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, kọ̀ǹpútà tó tó mílíọ̀nù 8.5 dákú káàkiri ayé láàárín wákàtí díẹ̀. Ọ̀pọ̀ bàlúù kò gbéra, àwọn ilé ìwòsàn kan sún iṣẹ́ abẹ síwájú, àwọn báǹkì kan kò lè dá oníbàárà lóhùn. Ojú ẹ̀rọ á di búlúù, á pa ara rẹ̀, á tún ara rẹ̀ tàn, á tún di búlúù. Ẹni tó bá rí i á ní ó ti parí. Bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó jóná lára wọn, kò sì sí fáírọ́ọ̀sì níbẹ̀. Fáìlì kan tí ilé iṣẹ́ CrowdStrike, àwọn tó ń ṣe ètò ààbò fún kọ̀ǹpútà, fi ránṣẹ́ ló ní àṣìṣe nínú. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á gbé ẹ̀rọ náà wọ Safe Mode, ipò tí Windows ti ń gbé ìwọ̀nba ohun tó pọn dandan nìkan dìde, á pa fáìlì yẹn rẹ́, ẹ̀rọ á sì dìde.

Mo fi ìyẹn ṣáájú nítorí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyìíká wa. Láptọ́ọ̀pù á kọ̀, àyà olówó rẹ̀ á já, tonílé tàlejò á máa gbà á nímọ̀ràn, ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án á sì nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ dànù kó tó mọ ohun tó ń ṣe é. Iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, àwòrán ìyá tó ti dolóògbé, àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn oníbàárà, gbogbo rẹ̀ á bá a lọ. Láptọ́ọ̀pù mìíràn wà lọ́jà. Àwọn wọ̀nyẹn kò sí níbì kankan. Ẹ jẹ́ ká wá gbé àwọn ọ̀rọ̀ tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu ara wa yẹ̀ wò.

"Kò tàn mọ́, ó ti kú nìyẹn."

Irọ́ ni, lọ́pọ̀ ìgbà. "Kò tàn" tí a ń sọ yẹn, oríṣi mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, wọn kò sì jọra. Ọ̀kan kò mí rárá: kò sí iná, fáànù kò yí, kò dún. Òmíràn, iná ń tàn lára rẹ̀, fáànù ń yí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú. Ẹ̀kẹta á gbé orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é jáde, á sì dúró síbẹ̀. Ẹ̀kẹrin á di búlúù, á kọ lẹ́tà sójú, á pa ara rẹ̀. (Lórí Windows 11 tuntun, dúdú ni Microsoft sọ ojú yẹn dà láti ọdún 2025.) Ti àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ iná ni. Ti èkejì, ẹ fura sí gílààsì ojú rẹ̀ tàbí RAM, ìyẹn ìrántí onígbà díẹ̀ tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́. Méjì tó kù, ibi tí fáìlì ń gbé tàbí Windows fúnra rẹ̀ ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Bí kò bá mí rárá, ẹ gbé ṣájà lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ mọ̀ dájú pé iná wà níbẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá iná kékeré ara ṣájà tàn. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ṣájà kúrò, ẹ yọ bátìrì bó bá jẹ́ èyí tó ṣeé yọ, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àròsọ ni èyí, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Iná díẹ̀ máa ń ṣẹ́kù sínú bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó tí àwọn ẹ̀yà inú ẹ̀rọ so mọ́, ó sì lè mú kí ṣíìpù kékeré tó ń darí bọ́tìnnì àti bátìrì há sójú kan. Bí iná yẹn bá tán, ṣíìpù náà á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lákọ̀tun. Dell, HP àti Lenovo, gbogbo wọn ló ń kọ́ oníbàárà wọn ní ọ̀nà yìí.

Bó bá jẹ́ ojú rẹ̀ ló dúdú, ẹ tẹ Caps Lock. Bí iná rẹ̀ bá ń tàn tó sì ń kú bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ wà láyé, ojú rẹ̀ nìkan ni kò ríran. Ẹ pa iná yàrá, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí gílààsì náà. Bí ẹ bá rí àwòrán fẹ́ẹ́rẹ́ níbẹ̀, iná ẹ̀yìn gílààsì ló kú. Tàbí kí ẹ fi wáyà HDMI so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n ilé. Mo fẹ́ràn ìdánwò yìí gan-an, nítorí kò ná yín ní kọ́bọ̀, ó sì máa ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ta bọ́ọ̀dù tuntun fún un láìnídìí.

"Ṣájà yòówù tó bá ti wọ ihò rẹ̀ ló bá a mu."

Irọ́ tó léwu ni. Ẹ dojú ṣájà yín dé, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbi OUTPUT: fóltì, tó sábà máa ń jẹ́ 19 tàbí 19.5, àti ámípà. Fóltì ti ṣájà tuntun gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ mu. Ámípà rẹ̀ lè jù ú lọ, nítorí ìwọ̀n tí ẹ̀rọ nílò ló máa gbà. Kò kàn gbọ́dọ̀ kéré sí i. Irin tín-ín-rín tó wà láàárín ẹnu ṣájà Dell àti ti HP, òun ni ẹ̀rọ fi ń dá ṣájà mọ̀. Bó bá tẹ̀ tàbí tó kán, láptọ́ọ̀pù lè máa ṣiṣẹ́ bí iná bá wà, kí bátìrì má sì gba nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí iná bá lọ, á kú fin-ín, a ó ní láptọ́ọ̀pù ti bàjẹ́.

Àwọn tí ẹ̀rọ wọn ń lo USB-C náà, ẹ má fi ṣájà fóònù ṣe ìdánwò. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ń fẹ́ wáàtì 45 tàbí 65, ṣájà fóònù kékeré kò lè gbé e dìde.

"Iná NEPA ló bà á jẹ́."

Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí a ṣe rò ó. Iná tí kò lágbára, èyí tí a ń pè ní àáfù kọ́rẹ́ǹtì, kì í sábà pa láptọ́ọ̀pù. Ẹ wo ara ṣájà: 100 sí 240 fóltì ni wọ́n kọ sí ọ̀pọ̀ wọn. Àpọ̀jù ló ń pa á. Láàárín fésì kan àti neutral lórí òpó iná wa, nǹkan bí 240 fóltì ló wà. Láàárín fésì méjì, nǹkan bí 415. Bí wáyà neutral bá já, ilé tó yẹ kó gba 240 lè gba iye tó ń lọ bá 415. Ṣájà ló máa kọ́kọ́ jóná, bí orí bá sì bá yín ṣe, ibẹ̀ ló máa mọ. Àwọn jẹnẹrétọ̀ kékeré náà, fóltì wọn máa ń fò sókè bí ẹnì kan bá yọ áyọ́ọ̀nù tàbí ohun mìíràn tó ń jẹ iná kúrò lórí wọn lójijì. Ìdí nìyẹn tó fi dára ká yọ ṣájà nígbà tí iná bá lọ, ká sì jẹ́ kí iná tó dé fara balẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan ká tó so ó padà.

Ọ̀nà kejì wà tí iná ń gbà ṣe wá, a kì í sì í fiyè sí i. Ẹni tí bátìrì rẹ̀ ti kú, tó wá ń lo ẹ̀rọ lórí wáyà nìkan, bí iná bá lọ nígbà tí Windows ń kọ nǹkan sínú dísìkì lọ́wọ́, fáìlì yẹn lè dàrú. Bí ẹ̀rọ bá di búlúù lọ́jọ́ kejì, kì í ṣe ayé ló ṣe é. Bátìrì ni kí ẹ lọ rà.

"Fáírọ́ọ̀sì ló wọ̀ ọ́."

Ìgbàgbọ́ yìí ní ibi tó ti wá. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1999, fáírọ́ọ̀sì CIH, tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Taiwan, Chen Ing-hau, kọ, ba dísìkì ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà jẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lára àwọn ẹ̀rọ kan, ó tún ba BIOS jẹ́, ìyẹn ìtọ́ni àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ máa ń kà bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò ní tàn mọ́ títí wọ́n á fi kọ BIOS tuntun sí i tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ṣíìpù. Nígbà náà lọ́hùn-ún, ẹni tó bá ní fáírọ́ọ̀sì ni kò jẹ́ kó tàn lè má jẹ̀bi.

Lóde òní, irọ́ ni lọ́pọ̀ jù lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ fáírọ́ọ̀sì báyìí, owó ni wọ́n ń wá. Wọ́n fẹ́ kí ẹ̀rọ yín máa tàn, kí wọ́n lè jí ọ̀rọ̀ aṣínà báǹkì yín, tàbí kí wọ́n ti fáìlì yín pa kí wọ́n sì kọ iye owó ìràpadà sójú ẹ̀rọ kí ẹ lè kà á. Ẹ̀rọ tó kú kò wúlò fún wọn.

"Ẹ jẹ́ ká fọ́máàtì ẹ̀, á bọ̀ sípò."

Ìdajì òótọ́ ni, ìdajì yìí ló sì ń pa wá lára. Bó bá jẹ́ Windows ló dàrú, lóòótọ́, bí a bá nù ún tí a sì fi tuntun sí i, á tàn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ RAM, tàbí dísìkì tó ń kú lọ, tàbí ooru, fọ́máàtì kò kan ìṣòro náà rárá. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ojú búlúù á padà dé, iṣẹ́ yín ti lọ. Mo ti rí i lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ: wọ́n sanwó, wọ́n pàdánù iṣẹ́ wọn, àìsàn ẹ̀rọ ṣì wà níbẹ̀. Ó máa ń dùn mí, nítorí ọ̀nà pọ̀ tó yẹ ká tọ̀ ká tó dé ibẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò ohun tí ojú búlúù kọ. Bó bá kọ INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE, ohun tó ń sọ ni pé òun kò rí ibi tí Windows ń gbé, tàbí pé òun kò lè kà á. Bó bá kọ MEMORY_MANAGEMENT, RAM ni ká kọ́kọ́ fura sí. Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù yín kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí Windows fúnra rẹ̀ gbìyànjú. Ẹ tan ẹ̀rọ. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Windows dìde, ẹ tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ títí á fi kú. Ẹ tún un ṣe. Ní ìgbà kẹta, Windows 10 àti 11 sábà máa ń ṣí ojú ìtúnṣe kan fún yín. Ẹnì kan á ní ṣé pípa á báyìí kò ní bà á jẹ́. Bó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kò yẹ ká máa pa á bẹ́ẹ̀; èyí tó ti kọ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀nà tí Microsoft là sílẹ̀ fún un nìyí. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí Startup Repair, ibi tí ẹ ti lè yọ àtúnṣe tuntun tí Windows ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, System Restore, àti Safe Mode. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó máa nu ìwé tàbí àwòrán yín. Èyí tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni Reset. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ ka ohun tí ẹ fẹ́ tẹ̀ dáadáa: "Keep my files" á fi fáìlì yín sílẹ̀, á sì yọ àwọn ètò tí ẹ fi sí i, "Remove everything" kò ní fi nǹkan kan sílẹ̀.

Bí gbogbo ìyẹn kò bá ṣiṣẹ́, ẹ lè fi Ubuntu, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí Windows ń ṣe, sórí fíláàṣì, kí ẹ gba orí fíláàṣì náà tan ẹ̀rọ, kí ẹ sì kó fáìlì yín jáde. Bí ẹ̀rọ náà kò bá tilẹ̀ mí, ẹni tó mọ ìdí rẹ̀ í tú á yọ SSD tàbí háàdì dísìkì rẹ̀, ìyẹn ibi tí fáìlì ń gbé, á fi sínú àpótí kékeré tó ní wáyà USB, á so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, fáìlì yín á sì hàn níbẹ̀.

Ibì kan wà tí ọ̀nà yìí ti lè dí. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tuntun tó ń lo Windows 11 máa ń ti dísìkì pa fúnra wọn bí ẹ bá ti fi àkántì Microsoft wọlé. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà 48 tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe lọ́jọ́ CrowdStrike yẹn, ibi kọ́kọ́rọ́ yìí ni iṣẹ́ ti dúró mọ́ wọn lọ́wọ́. Inú àkántì Microsoft yín ló sábà máa ń wà. Ẹ lọ wò ó nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń tàn, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ní ti MacBook àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, wọ́n jó ibi ìkópamọ́ mọ́ bọ́ọ̀dù, ṣíìpù ara rẹ̀ ló sì ń tì í. Yíyọ kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ń lò ó tí kò ní ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ síbòmíràn ń ṣe ohun tó léwu gan-an.

"Bí wọ́n bá fọ́máàtì ẹ̀ tán, wọ́n ṣì lè gbà á padà" ńkọ́? Lórí háàdì dísìkì àtijọ́, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Fọ́máàtì kíákíá tí wọ́n sábà ń ṣe dà bí ìgbà tí wọ́n ya ojú ewé àkóónú kúrò nínú ìwé: àwọn ojú ewé yòókù ṣì wà, títí dìgbà tí wọ́n bá kọ nǹkan mìíràn lé wọn lórí. Lórí SSD, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Windows máa ń fi àṣẹ tí wọ́n ń pè ní TRIM sọ fún SSD pé àyè ti ṣófo, SSD á sì nù ún mọ́ tónítóní. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ẹni tó lè gbà á padà fún yín, bó ti wù kí owó pọ̀ tó.

"Háàdì dísìkì tó ń dún kọ́, kọ́, kọ́, ẹ gbé e sí fírísà mọ́jú."

Irọ́ ni, ẹ jọ̀ọ́. Irú dísìkì yìí ní abala tó ń yí ìgbà 5,400 tàbí 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, orí tó ń kà á sì ń fò lókè rẹ̀ láìfara kàn án. Ohùn kọ́-kọ́ yẹn máa ń túmọ̀ sí pé orí náà ń wá ọ̀nà tí kò rí mọ́. Bí ẹ bá gbé e jáde láti inú fírísà, omi á sẹ̀ sí i nínú. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún tàn án, ó lè máa ha ibi tí iṣẹ́ yín wà. Ẹ pa á, ẹ má tàn án mọ́, kí ẹ wá ẹni tó ń fi ìgbàpadà fáìlì ṣiṣẹ́ ṣe.

"Ó ń ké píì-píì, bọ́ọ̀dù ti lọ."

Irọ́. Bọ́ọ̀dù tó ti kú pátápátá kì í sábà sọ̀rọ̀. Iye ìgbà tó ké ní ìtumọ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Àwọn tuntun mìíràn á máa ṣẹ́jú iná dípò igbe. Lọ́pọ̀ ìgbà RAM ló ń bẹ̀bẹ̀ pé òun kò jókòó dáadáa. Ẹ yọ ṣájà àti bátìrì, ẹ yọ RAM, ẹ nu eyín aláwọ̀ wúrà rẹ̀, ẹ tì í padà títí á fi dún. Rọ́bà tí ọmọ ilé ìwé fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́, tí àwọn ènìyàn máa ń lò, ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ẹ kàn má fi agbára rà á. Bó bá jẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, ẹ dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Omi dà sí i: ẹ sá a sóòrùn, tàbí kí ẹ rì í sínú ìrẹsì."

Irọ́ ni méjèèjì. Ní ọdún 2024, Apple kìlọ̀ kedere pé kí ẹnikẹ́ni má fi iPhone tó tutù sínú ìrẹsì, nítorí ẹ̀rún rẹ̀ lè ba á jẹ́. Kì í ṣe omi nìkan ló ń pa ẹ̀rọ. Iná tó ń gba inú omi kọjá lórí bọ́ọ̀dù ló ń jó o. Nítorí náà, ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì: ẹ yọ ṣájà, ẹ tẹ bọ́tìnnì títí á fi kú, ẹ dojú kíbọ́ọ̀dù bolẹ̀ kí omi lè ro jáde. Ẹ má tàn án láti wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí tíì oníṣúgà ló dà sí i, gbígbẹ kò tó. Ṣúgà á kù síbẹ̀, ìpẹtà á sì máa jẹ bọ́ọ̀dù díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ tú u, kí wọ́n fi kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní isopropyl alcohol fọ bọ́ọ̀dù náà.

"Windows 10 ti parí, òun ni kò jẹ́ kó tàn."

Irọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dẹ́kun àtìlẹ́yìn tó ń ṣe fún Windows 10. Ewu ààbò wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pa ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fi èyí ta láptọ́ọ̀pù tuntun fún yín fẹ́ ta ọjà ni.

"Bọ́ọ̀dù ló bàjẹ́, kò sí àtúnṣe, àfi kí ẹ ra òmíràn."

Nígbà mìíràn òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní Computer Village ní Ìkẹjà, àwọn ọ̀dọ́ wà tó ń fi awò asọhun-kékeré-di-ńlá àti mítà wá ohun kan ṣoṣo tó jóná lórí bọ́ọ̀dù, tí wọ́n á sì pààrọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Ẹ bi ẹni tó ní bọ́ọ̀dù ti kú pé báwo ló ṣe mọ̀. Ẹni tó wọ̀n ọ́n á fi ibẹ̀ hàn yín.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó máa ní òun fẹ́ fi atẹ́gùn gbígbóná yan ṣíìpù kó lè jí. Irú ìṣòro tí wọ́n ń lò ó fún hàn ní oṣù Keje ọdún 2008, nígbà tí Nvidia, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ṣíìpù, kéde pé òun ya mílíọ̀nù 150 sí 200 dọ́là sọ́tọ̀ nítorí àwọn ṣíìpù láptọ́ọ̀pù tí ohun tí wọ́n fi dì wọ́n kò lágbára tó. Ooru lè jí ẹ̀rọ náà lóòótọ́, àmọ́ inú ṣíìpù gan-an ni àbùkù wà, kò sì ní pẹ́ tí á tún kú. Bó bá jí, ẹ lo àyè yẹn láti kó fáìlì yín jáde, kí ẹ má sì ra irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bí ẹni ra ẹ̀rọ tó yá.

Kí ẹ tó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n ṣí ìdí rẹ̀ lójú yín. Ẹ ya fọ́tò RAM, kí ẹ yọ SSD tàbí háàdì dísìkì sínú báàgì yín bó bá ṣeé yọ. Bọ́ọ̀dù, gílààsì, ihò ṣájà àti RAM, gbogbo wọn ló ṣeé tún ṣe láìsí dísìkì yín níbẹ̀, nítorí atúnṣe tó mọṣẹ́ ní dísìkì ìdánwò tirẹ̀. Bó bá ní àfi kí òun rí tiyín, ẹ bi í pé kí ni ó fẹ́ fi ṣe, kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ kí ẹ tó gbé e fún un.